Bẹ́ǹṣì Ẹnu Ọ̀nà Ọ́fíìsì Àtijọ́

Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ ń ro iṣẹ́ tí ẹ máa fi ayé yín ṣe, ẹ fún mi láyè díẹ̀ kí n ro tèmi fún yín. Iṣẹ́ ìkéde ni mo ṣe. Láti ìgbà tí mo ti jáde ilé-ìwé girama títí di ọjọ́ tí wọ́n ní kí n lọ sinmi, ẹ̀ka ìròyìn ìjọba ìbílẹ̀, tí gbogbo wa ń pè ní lókà, ni mo wà. Ẹ má béèrè ìjọba ìbílẹ̀ wo, nítorí wọn kò ṣọ̀wọ́n ní sàkáání Ẹdẹ yìí, mi ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni wá ká mi mọ́lé. Ràṣídátù ni orúkọ tí wọ́n sọ mí, ṣùgbọ́n Ìyá Ìkéde ni tọmọdé tàgbà ń pè mí. Bàbá àwọn ọmọ mi, tí wọ́n jẹ́ télọ̀, a máa sọ pé bí àwọn bá fẹ́ kí ìlú tètè gbọ́ nǹkan, àwọn á sọ ọ́ sí mi létí, àwọn á sì ní kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni. Irọ́ ni wọ́n ń pa.

Bí mo ṣe rí iṣẹ́ náà kò gùn. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi mọ ẹnì kan, ẹni yẹn mọ ẹlòmíràn, wọ́n ní kí n wá, mo sì lọ. Owó oṣù kéré, ó sì máa ń pẹ́ kó tó dé. Ẹ̀yin náà mọ ìjọba. Ohun tó mú mi dúró ni ọ̀gá tí wọ́n fi mí sí lọ́wọ́.

Ọ̀gá Ládòkun ni. Ará Awo ni wọ́n, láti Awo ni wọ́n sì ti ń gun alùpùpù wá síbi iṣẹ́ lójoojúmọ́. Wọn kì í ṣí fìlà. Okùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni wọ́n fi ń so ó mọ́ àgbọ̀n kí afẹ́fẹ́ má baà gbé e lọ, bí wọ́n bá sì dé ọ́fíìsì, wọ́n lè gbàgbé okùn náà síbẹ̀ títí di ọ̀sán. Kò sí ẹni tó tó bẹ́ẹ̀ láti sọ fún wọn. Èmi a kàn máa wo ilẹ̀ kí ẹ̀rín má baà pa mí.

Ṣùgbọ́n bí ó bá kan iṣẹ́, ẹ̀rín tán. Àkọ́kọ́ ohun tí wọ́n kọ́ mi ni pé ohun tí n kò bá fi ojú ara mi rí, n kò gbọdọ̀ fi ẹnu ìjọba sọ ọ́. Káńsílọ̀ kan wá lọ́jọ́ kan, ó ní kí a kéde ìpàdé òun. Ọ̀gá ní ìwé dà? Ó ní òun ló ń sọ ọ́ yẹn, ìwé wo ni wọ́n tún ń béèrè? Ọ̀gá fa àga fún un, wọ́n fún un ní omi tútù, wọ́n sì jókòó tì í títí tó fi lọ mú ìwé wá. Lẹ́yìn tó lọ tán ni wọ́n sọ fún mi pé, “Ẹyin lohùn, Ràṣídà. Tìrẹ bá fọ́, tìrẹ nìkan ló fọ́. Ti ìjọba bá fọ́, gbogbo ìlú ló máa tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀.”

Wọ́n kọ́ mi bí a ṣe ń fọhùn. Ẹ̀yìn ọ́fíìsì ni wọ́n máa ń mú mi lọ, níbi tí ewúrẹ́ àwọn aládùúgbò ti ń jẹ èèpo iṣu, wọ́n á ní kí n kéde fún wọn. Bí ewúrẹ́ kò bá gbójú sókè, ìlú kò gbọ́ nìyẹn. Mo máa tún un sọ ni. Wọ́n kọ́ mi pé a kì í kéde lẹ́bàá mọ́ṣáláṣí lásìkò ìrun, a kì í kéde nítòsí ṣọ́ọ̀ṣì láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú, a kì í sì í gbé gbohùngbohùn kọjá ilé tí òkú bá ti sùn. Mọ́tò ìkéde wa nígbà náà, títì là ń tì í kó tó gbéra. Ìwé ìkéde wa, ẹ̀rọ kan tí à ń fi ọwọ́ yí la fi ń tẹ̀ ẹ́, tàdáwà rẹ̀ kì í sì í bọ́rọ̀ kúrò lára. Lọ́jọ́ ìgbéyàwó mi, àwọn ìyá ọkọ mi ń yìn mí pé làálì mi mà dúdú o. Tàdáwà lókà ni.

Ẹ jẹ́ kí n wá dé orí bẹ́ǹṣì, nítorí bẹ́ǹṣì yẹn ni gbogbo ọ̀rọ̀ mi.

Ilé àyágbé ni ọ́fíìsì wa wà nígbà náà, lójú ọ̀nà ọjà. Ìjọba wá kọ́ sẹkitéríàtì tuntun sí ẹ̀yìn ìlú, a sì múra àtikó. Inú gbogbo òṣìṣẹ́ ń dùn. Èmi ti ń lá àlá tábìlì tí wọ́n ní wọn yóò fún mi lábẹ́ fáànù. Bí a ṣe kó ẹrù tó kẹ́yìn sínú mọ́tò ni Ọ̀gá Ládòkun pè mí.

“Ràṣídà, gbé bẹ́ǹṣì yẹn sọ̀ kalẹ̀.”

“Kí la fẹ́ fi ṣe, sà?”

“Ìwọ lo máa jókòó lé e. Ẹnu ọ̀nà ibí. Títí ìlú fi máa mọ̀ pé a ti kó.”

Mo ní, “Ọ̀gá, ṣebí a ti lẹ ìwé mọ́ ilẹ̀kùn?”

“Ìwé ò lójú. Ẹni tí kò mọ̀wé kà ńkọ́? Ẹni tó kà á tí kò gbà á gbọ́ ńkọ́? Ojú lọ̀rọ̀ wà.”

Mo jókòó. Mo sunkún pàápàá. Àwọn ẹgbẹ́ mi wà lábẹ́ fáànù, èmi wà nínú oòrùn lẹ́nu ọ̀nà ilé òfìfo bí ẹni tí wọ́n gbàgbé. Bí èèyàn bá dé, màá ní, “A ti kó lọ o. Ẹ gba ọ̀nà ibí báyìí.” Màá na ọwọ́. Àwọn kan bú mi pé wọ́n ti rìn láti ìlú Ara, a kò sì sọ fún àwọn. Àwọn kan bá mi jókòó, wọ́n gbé ọmọ fún mi dì mú kí wọ́n lè tún ìró ró. Ọ̀sẹ̀ ń gorí ọ̀sẹ̀, Ọ̀gá kò ní kí n dìde.

Ní ọjọ́ kan ni mo rí i pé àwọn tí mo ń darí kò tó ti àtẹ̀yìnwá. Mo yí lọ sẹ́yìn ilé. Ọkùnrin kan ti gbé tábìlì síbẹ̀, ó so táì mọ́rùn, ó ní òǹtẹ̀ lọ́wọ́, ó sì ń sọ fún àwọn ìyá tó wá gba ìwé ọjọ́ ìbí ọmọ pé ibí náà ṣì ni lókà, pé ẹ̀yìn la ṣí sí. Mo rántí àwọn ewúrẹ́ mi. Ohùn tí mo fi pariwo, àwọn alápatà fi ẹran sílẹ̀ lọ́jà. Kó tó di pé wọ́n dé, bàbá olóǹtẹ̀ ti fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ, ó fi tábìlì sílẹ̀ fún wa. Ọ̀gá Ládòkun gbọ́, wọ́n gun alùpùpù wá. Wọn kò yìn mí. Wọ́n yí ilé náà po, wọ́n ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìn wò, wọ́n wá ní, “Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ̀ ọ́. Ilé tó bá ṣófo kì í pẹ́ ṣófo, Ràṣídà.” Ìgbà tí wọ́n máa lọ ni wọ́n ra ọtí ẹlẹ́rìndòdò tútù kan fún mi. Láti ọjọ́ náà ni mo ti fẹ́ràn wọn bí bàbá tó bí mi.

Ìgbà kì í lọ bí òréré. Ọ̀gá fẹ̀yìntì, wọ́n padà sí Awo lọ dáko, èmi ni mo sì wá wà nípò wọn. Ẹ̀rọ aláfọwọ́yí lọ, kọ̀ǹpútà dé. Ìgbà tí mo kọ́kọ́ fọwọ́ kàn án, mo rò pé iná rẹ̀ yóò gbé mi lọ́wọ́. Kò pẹ́ tí wọ́n fi ní gbogbo lókà gbọ́dọ̀ ní ojú òpó lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Agbaṣẹ́ṣe kan báyìí wá ṣe tiwa. Àdírẹ́sì rẹ̀ parí sí .com, orúkọ ara rẹ̀ ni agbaṣẹ́ṣe náà sì fi gbà á. Ilé là á wò kí a tó sọmọ lórúkọ. A kò wo ilé kankan. Ijó là ń jó. Wọ́n fi àwòrán mi sí iwájú ojú òpó náà, èmi pẹ̀lú gèlè mi aláwọ̀ ewé, mò ń rẹ́rìn-ín. Mo gbé mọ́tò ìkéde, mo fi àdírẹ́sì náà kọ́ gbogbo ìlú àti abà. Àwọn ọmọ ilé kéú sọ ọ́ di orin.

Ọdún ń gorí ọdún báyìí títí tí Dámilọ́lá fi dé. Ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni, yunifásítì àwọn onígbàgbọ́ tó wà níbí ló sì ti kàwé. Òun ni wọ́n fi sí ìdí kọ̀ǹpútà. Bó bá ń sọ̀rọ̀, ẹ̀yin ẹ sáré tẹ̀lé e ni. Ó fẹ́ràn mi, mo fẹ́ràn rẹ̀. Lọ́jọ́ Jímọ̀, òun ló máa rán mi létí pé àkókò ti tó. Lọ́jọ́ tí mo bá ń gbààwẹ̀, á gbé oúnjẹ rẹ̀ lọ jẹ nínú mọ́tò. Òun ló gbé ìwé láti ọ̀dọ̀ ìjọba òkè wá fún mi pé gbogbo lókà gbọ́dọ̀ kó ojú òpó wọn sí àdírẹ́sì tó parí sí gov.ng.

Mo ní, “Kí ni ìyàtọ̀? Ṣebí orí fóònù kan náà ni?”

Ó ní, “Mọ́mì, ti .com yẹn dà bí ṣọ́ọ̀bù ọjà. Ẹni tó bá ti lówó lọ́wọ́ lè gbà á. Ti gov.ng yìí, ààfin ni. Kò sẹ́ni tó máa wá háyà yàrá láàfin. Ẹni tó bá rí i lẹ́yìn orúkọ wa, á mọ̀ pé ìjọba ló ń bá òun sọ̀rọ̀.”

Ó yé mi. Iṣẹ́ tí ọmọ náà ṣe láti kó wa lọ kì í ṣe kékeré. Gbogbo ìkéde wa, gbogbo fọ́ọ̀mù, ó tò wọ́n síbi tuntun, ó mọ́ tónítóní. Ó wá sọ fún olùdarí wa pé kí a máa san owó ọdọọdún àdírẹ́sì àtijọ́ kí ó má baà bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn, kí ó máa darí èèyàn sí tuntun. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, a gbọ́dọ̀ fi bẹ́ǹṣì síbẹ̀. Olùdarí wa kì í ṣe èèyàn burúkú, ṣùgbọ́n ó rẹ́rìn-ín. Ó ní ilé tí a ti kó kúrò, ta ló tún ń dá sí i? Agbaṣẹ́ṣe tó ni orúkọ náà ti lọ sí ìlú òyìnbó, kò gbé fóònù. Kò sẹ́ni tó san owó náà, orúkọ bọ́. Àwa ń ya fọ́tò pẹ̀lú alága lókà níwájú kọ̀ǹpútà.

Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ ni Ìyá Bùkọ́lá wọlé. Abà kan ní ẹ̀yìn ìlú ni wọ́n ti wá, gàrí ni wọ́n ń yan. Ọmọ wọn obìnrin, Bùkọ́lá, rí àyè ní ilé-ìwé nọ́ọ̀sì, ìwé ọmọ ìbílẹ̀ láti lókà nìkan ló kù, ọjọ́ kejì sì ni ilé-ìwé máa ti ilẹ̀kùn. Bí ìwé náà kò bá dé, wọn yóò fi àyè rẹ̀ fún ẹlòmíràn.

Wọ́n ní, “Ìyá Ìkéde, ìwé ọmọ mi ni mo wá gbà. Ẹ ní ó ń bọ̀, mi ò tíì rí i.”

Mo ní, “Ta lẹ fún?”

“Ṣebí ẹ̀yin náà ni. Orí fóònù la ti kọ gbogbo ẹ̀ ránṣẹ́. Orúkọ, ọjọ́ ìbí, nọ́ńbà ìdánimọ̀, gbogbo ẹ̀.”

Mo ní a kì í ṣe é báyẹn, pé ẹni tó bá fẹ́ ìwé gbọ́dọ̀ wá fúnra rẹ̀. Wọ́n yọ fóònù jáde lábẹ́ ìró, wọ́n sì ṣí i. Àdírẹ́sì àtijọ́ ni. Òǹtẹ̀ wa wà níbẹ̀. Èmi náà wà níbẹ̀ pẹ̀lú gèlè aláwọ̀ ewé, mò ń rẹ́rìn-ín, lábẹ́ mi ni wọ́n sì kọ ọ́ sí pé kí èèyàn kọ gbogbo nǹkan nípa ara rẹ̀ síbẹ̀. A kò mọ ẹni tó gba orúkọ náà, tó sì ṣe àdàkọ ojú òpó wa àtijọ́. Aláǹgbá ti wọ ògiri.

Ìyá Bùkọ́lá ní, “Ẹ̀yin lẹ wà níbẹ̀ un. Ẹ̀yin lẹ fi àdírẹ́sì yìí kọ́ wa lábà. Kì í ṣe lókà ni mo gbà gbọ́. Ẹ̀yin ni.”

Mo ti gbọ́ èébú rí nídìí iṣẹ́ yìí, ṣùgbọ́n èyí kì í ṣe èébú, òótọ́ ni obìnrin náà sọ, ó sì dùn mí dé egungun. Ojú tí Ọ̀gá Ládòkun ní ọ̀rọ̀ wà nínú rẹ̀, àwọn olè ti fi dẹ páńpẹ́.

Dámilọ́lá kò dúró kí ẹnikẹ́ni pàṣẹ. Ó ní, “Mọ́mì, ẹ jẹ́ ká lọ.” Ó kọ fọ́ọ̀mù Bùkọ́lá, ó kó èmi àti Ìyá Bùkọ́lá sínú mọ́tò rẹ̀ kékeré, ó gbé wa lọ sábà. Baálẹ̀ àti alága ló gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i, oko sì ni baálẹ̀ wà. A lọ bá wọn nídìí ẹ̀gẹ́, wọ́n nu erùpẹ̀ ọwọ́ wọn sára ṣòkòtò kí wọ́n tó fọwọ́ sí i. Alága sì ti lọ ṣèpàdé ní Òṣogbo. A gba Òṣogbo lọ. Àwọn ẹ̀ṣọ́ kò jẹ́ ká wọlé, a dúró lẹ́nu géètì. Nígbà tí alága jáde, mo fi ohùn ewúrẹ́ pè wọ́n. Wọ́n yíjú, kò sí bí wọn kò ṣe ní yíjú. Orí bọ́nẹ́ẹ̀tì mọ́tò ni wọ́n ti fọwọ́ sí ìwé Bùkọ́lá. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó dé ilé-ìwé kí wọ́n tó ti ilẹ̀kùn.

Àwọn mìíràn wà tí a kò lè bá sáré bẹ́ẹ̀, nítorí a kò mọ̀ wọ́n. Mo ṣì máa ń ronú wọn.

Nígbà tí a padà dé, mo ní kí olùdarí fún mi ní mọ́tò ìkéde. Ó ní ṣé ayé àtijọ́ la tún ń padà sí ni? Mo ní gbogbo ibi tí mo ti fi orúkọ àtijọ́ kọ́ èèyàn, ibẹ̀ ni mo ti gbọ́dọ̀ gbà á padà lẹ́nu wọn. Ó wò mí, ó gbé kọ́kọ́rọ́ fún mi, ó sì bá wa wọ mọ́tò fúnra rẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. A lọ sí mọ́ṣáláṣí lẹ́yìn ìrun, a lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lẹ́yìn ìsìn, a lọ sí gáréèjì àti abà. Mò ń sọ fún wọn pé a ti kó lọ o, kí wọ́n wo ìparí orúkọ, bí wọn kò bá rí gov.ng níbẹ̀, kí wọ́n má kọ ohunkóhun síbẹ̀. Ní abà Ìyá Bùkọ́lá, bàbá kan béèrè pé báwo làwọn ṣe máa mọ̀ pé èyí náà kì í ṣe irọ́. Mi ò tíì dáhùn tí Ìyá Bùkọ́lá fi gun mọ́tò, wọ́n gba gbohùngbohùn lọ́wọ́ mi.

Wọ́n ní, “Èmi ni wọ́n lù ní jìbìtì. Ẹ gbọ́ lẹ́nu mi. Obìnrin yìí tẹ̀ lé mi dé Òṣogbo nítorí ọmọ mi. Ohun tó bá ní ká ṣe, ẹ jẹ́ ká ṣe é.”

Kí ẹ tó mọ̀, wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ ju èmi oníṣẹ́ lọ. Mo jókòó sílẹ̀, mo mu omi.

Dámilọ́lá ní tirẹ̀ kò sinmi. Ó kọ̀wé títí sí àwọn tó ń mójú tó orúkọ orí íńtánẹ́ẹ̀tì, wọ́n ti ojú òpó àwọn olè náà pa, nígbà tó sì yá, orúkọ àtijọ́ padà sọ́wọ́ wa. Nígbà yẹn, ìfẹ̀yìntì mi ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Ọmọ náà wá sọ fún mi lọ́jọ́ kan pé kí n wé gèlè aláwọ̀ ewé wá síbi iṣẹ́. Ó gbé bẹ́ǹṣì kan sábẹ́ igi, ó ní kí n jókòó, kí n na ọwọ́ ọ̀tún mi, ó sì yà mí ní fọ́tò. Mo rò pé fún ìwé ètò ìdágbére ni, mo sì ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ta ni mò ń júwe ọ̀nà fún.

Ọjọ́ tí mo fẹ́ dágbére ló pè mí sídìí kọ̀ǹpútà. Ó tẹ àdírẹ́sì àtijọ́. Kò sí ohun mìíràn níbẹ̀ ju èmi lórí bẹ́ǹṣì, mo na ọwọ́, ọ̀rọ̀ kan sì wà lábẹ́ mi: “A ti kó lọ o. Ẹ gba ọ̀nà ibí báyìí.” Bí èèyàn bá fọwọ́ kan ọ̀rọ̀ náà, yóò gbé e lọ sí tuntun. Mo ti sọ ìtàn bẹ́ǹṣì fún un rí. N kò mọ̀ pé ó dì í mú. Mo sunkún bí mo ṣe sunkún nígbà èwe mi, ṣùgbọ́n ẹkún yìí dùn.

Bùkọ́lá ti ń wọ aṣọ funfun báyìí. Òun ló bá mi wọn ẹ̀jẹ̀ ríru lóṣù tó kọjá, tó sì pàṣẹ fún mi bí ìyá rẹ̀ gan-an pé kí n dín iyọ̀ kù. Bí ẹ bá ń wá iṣẹ́, ẹ má wo ti fáànù nìkan. Ẹ wo ẹni tó máa kọ́ yín.

Mo ṣí àwòrán orí bẹ́ǹṣì náà sórí fóònù mi, mo sì gbé e lọ sí Awo. Ọ̀gá Ládòkun ti darúgbó, ojú wọn ti ṣe bàìbàì, ṣùgbọ́n okùn ṣì wà lára fìlà. Mo kúnlẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn, mo sì gbé àwòrán náà sún mọ́ ojú wọn. Wọ́n wò ó títí.

“Ta ló wà lẹ́nu ọ̀nà yẹn?”

“Èmi ni, sà. Ràṣídà.”

Wọ́n mi orí, wọ́n gbé fóònù náà fún mi padà.

“Ó dáa. Má tíì dìde o.”